Àdámọ̀ ti wà nílẹ̀, èkejì rẹ̀ ló kù

Ẹ̀yin ará mi, àbá tó wà níwájú àwa ògbufọ̀ ni pé kí á máa pe "orthodoxy", ìyẹn ìgbàgbọ́ tí ìjọ fọwọ́ sí, ní "ẹ̀kọ́ òtítọ́", kí á sì máa pe "heresy", ìyẹn ìgbàgbọ́ tí ìjọ dá lẹ́bi, ní "ẹ̀kọ́ èké". Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti dájọ́ kó tó túmọ̀. Ta ló jàre láàárín Arius, àlùfáà tó ń kọ́ni pé Ọmọ Ọlọ́run kò bá Baba dọ́gba, àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó dá a lẹ́bi níbi ìpàdé ìjọ ní Nicaea lọ́dún 325? Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀.

Inú èdè Gíríìkì ni "heresy" ti wá, láti ara "hairesis", tí í ṣe yíyàn: ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ mú. Kò sí èébú nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 24 nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tọdún 1611. Ní ẹsẹ 5, agbẹnusọ tó ń fẹ̀sùn kan Pọ́ọ̀lù pè é ní aṣáájú "sect" àwọn ará Násárétì. Ní ẹsẹ 14, Pọ́ọ̀lù fèsì pé ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní "heresy" lòun fi ń sin Ọlọ́run àwọn baba òun. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ló wà níbi méjèèjì o! Àwọn atúmọ̀ ló là á sí méjì, ọ̀kan tutù, èkejì gbóná. Nígbà tó fi máa di 1612, wọ́n dáná sun Edward Wightman ní Lichfield nítorí èyí tó gbóná yẹn. Òun lẹni ìkẹyìn tí wọ́n sun fún "heresy" ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn "àdámọ̀", tó ti wà nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, ní Gálátíà 5:20. Ẹ tú u wò: à-dá-mọ̀. "Dá" inú rẹ̀ ni "dá" inú dá jẹ, dá ṣe, dá lọ. Ohun tí èèyàn dá mọ̀ ni, tí kò bá ẹgbẹ́ mọ̀. Lójú tèmi, ó sún mọ́ "hairesis" ju "heresy" fúnra rẹ̀ lọ, nítorí etí Gẹ̀ẹ́sì òde òní ò gbọ́ yíyàn nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí á jù ú nù nítorí pé ó ti pẹ́.

Níbi tí "dá" bá wà, "jọ" ò jìnnà: àdájẹ àti àjọjẹ, àdáṣe àti àjọṣe. Bí "heresy" bá jẹ́ àdámọ̀, kí ni "orthodoxy" bí kò ṣe "àjọmọ̀"?

Wọ́n ní "orthos" ni títọ́, "doxa" ni èrò, pé "èrò títọ́" ló yẹ. Òótọ́ ni nípa ìpilẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe èrò tirẹ̀ ní wíwọ́? Àtakò tó wúwo sí mi ni ọ̀rọ̀ Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Alexandria. Ó gbèjà ìpinnu Nicaea, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n lé e kúrò nílùú. Ta ló ń jọ mọ̀ nígbà náà? Mo gbà pé ibẹ̀ ṣòro. Ṣùgbọ́n Athanasius ò fìgbà kan sọ pé òun dá a mọ̀. Ohun tí àwọn baba jọ fọwọ́ sí ló ń tọ́ka sí.

Ẹ má sì jẹ́ kí á da àwọn yòókù pọ̀ mọ́ ọn. Apẹ̀yìndà ti fi ẹ̀sìn sílẹ̀, ṣùgbọ́n aládàámọ̀ ṣì wà nínú ilé, òun gan-an ló ń pe ara rẹ̀ ní onílé. Ìyapa ni "schism", tó wá láti ara fífàya. Àwọn tó yapa lè máa ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kan náà. Kèfèrí, tó ti èdè Lárúbáwá wọlé, wà lóde pátápátá. Ti "miscreant" ló ń bà mí nínú jẹ́ jù: ẹni tó gba ohun òdì gbọ́ ni tẹ́lẹ̀, lónìí ọ̀daràn ni. Ibẹ̀ náà ni "ẹ̀kọ́ èké" máa gbé wa lọ.

Ìjọ ìhà Ìlà-Oòrùn tó ń jẹ́ Orthodox ń kọ́? Orúkọ ni, ẹ má túmọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì pe bí ẹnì kan ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ní "unorthodox", àdámọ̀ kọ́ nìyẹn. "Àrà ọ̀tọ̀" ti tó o.