Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe quick-change tool post fún léètì mi

Páànù_Agolo:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Tool post onígun mẹ́rin (ohun tó ń di túùlù mú) tó bá léètì mi, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí túùlù lè gé e, dé ni mo ṣì ń lò, ọ̀rọ̀ páànù sì ti sú mi pátápátá. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti pààrọ̀ túùlù, àfi kí n tún máa wá páànù pẹlẹbẹ tí màá tẹ́ sábẹ́ ẹ̀ kí ẹnu ẹ̀ lè bá àárín irin mu, agolo kan ló kún fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí n tó rí èyí tó ṣe rẹ́gí iṣẹ́ ti sú mi. Lánàá, irin kan lásán ni mo fẹ́ gé ojú ẹ̀ kó dán, páànù kan yọ́ jáde mi ò mọ̀, túùlù bá lọ sílẹ̀, ló bá fi ìdodo gògòrò sílẹ̀ láàárín irin bíi ti ọmọ jòjòló. Mo ti rí àwọn quick-change, tí wọ́n ń yára pààrọ̀ túùlù, tó ní dovetail (ojú irin tó dagun bí ìrù ẹyẹlé) tí wedge, irin tó fẹ́lẹ́ lápá kan, ń há mọ́ra, ó wù mí gan-an, àmọ́ mi ò ní milling machine, ẹ̀rọ tó jẹ́ túùlù ẹ̀ ló ń yí, léètì yìí àti dírílì nìkan ni. Ṣé ó ṣeé ṣe àbí kí n gbàgbé ẹ̀? Àlùmíníọ̀mù ńkọ́?

Òpó_Róbótó:
Àbúrò, fi dovetail sílẹ̀ ná. Èyí tí wọ́n ń pè ní Norman ni kó o ṣe: òpó róbótó kan tó dúró lórí slide, apá léètì tó ń gbé túùlù rìn, àti holder, ibi tí túùlù ń wọ̀, tó ní ihò tó wọ òpó yẹn, wọ́n á la ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan kí bóòtù lè fún un mọ́ òpó. Léètì rẹ fúnra ẹ̀ ló máa ṣe gbogbo ẹ̀. Òpó tèmi 30 mm ni, ara ẹ̀ àti ìdí ẹ̀ ni mo gé pọ̀ láìtú u kúrò nínú chuck, ẹnu léètì tó ń di irin mú, torí bí ìdí yẹn bá wọ́ díẹ̀, gbogbo túùlù tó o bá gbé lé e ló máa wọ́. Holder, four-jaw chuck, èyí tó ní eyín mẹ́rin, ni mo fi dì í mú, mo gbẹ́ ihò, mo wá ń fi boring bar, ọ̀pá túùlù tó ń gé inú ihò, fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí òpó fi wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ láìmì. Fẹ ihò tán o, kó o tó fi ayùn là á! Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ìkánjú ni mo fi là á, irin yẹn ya ẹnu, ihò ò róbótó mọ́, ó di ẹyin, ó ṣì wà nínú àpótí níbí tó ń wò mí.

Ti gíga, etí kékeré kan ni mo dè mọ́ orí holder, bóòtù M6 gba inú ẹ̀ kọjá ó gúnlẹ̀ sórí òpó, nọ́ọ̀tì sì há a. O ṣètò ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún túùlù kọ̀ọ̀kan, ó dìgbà kan ná.

Wedge60:
Ọ̀gá Òpó, ẹ ò sọ tibi o. Norman mọ gíga, kò mọ ibi tó kọjú sí, bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ tẹ́ ẹ tún dá a padà, ó ti yí díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Multifix, irú quick-change tool post mìíràn, fi ní eyín 40 yípo, 9° 9° ló ń rìn. Èmi gé dovetail mi lórí léètì, cutter 60° wà nínú chuck, irin wà lórí vertical slide, èyí tó ń gbé e lọ sókè sódò, ó gba sùúrù ṣá. Bó o bá máa gbìyànjú ẹ̀, fi pin méjì tó nípọn bákan náà sí kọ̀rọ̀ méjèèjì kó o fi micrometer, ohun ìwọ̀n fínnífínní, wọ̀n wọ́n, má fojú dá a. Àlùmíníọ̀mù máa ṣiṣẹ́ fún Norman, àmọ́ ojú bóòtù tó ń tẹ túùlù á tètè jẹ. Irin lásán sàn jù.

Òpó_Róbótó:
Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Èmi máa ń sún holder lọ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti ojú chuck, léètì ò ní máa yí o, màá wá fún bóòtù. Ó ti tọ́ nìyẹn.

Páànù_Agolo:
Norman ni mo mú. Ẹ̀yin ọ̀gá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ẹnu túùlù ti dé àárín?

Wedge60:
Fi rúlà irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín ẹnu túùlù àti irin róbótó, rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bó bá dúró ṣánṣán, ó ti dé. Bí orí ẹ̀ bá tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ, túùlù ti lọ sílẹ̀ jù, bó bá sá fún ọ, ó ti ga jù.

Àti nọ́ọ̀tì tó máa wọ inú T-slot, ojú ihò tó rí bíi T lórí slide, má jẹ́ kí ojú bóòtù ẹ̀ já dé ìsàlẹ̀ o. Bí bóòtù bá gba inú ẹ̀ kọjá tó kanlẹ̀, bó o ṣe ń fún un ló ń ti nọ́ọ̀tì sókè, ètè slot yẹn á kàn bú dànù.

Páànù_Agolo:
Yéè! Mo ti gbẹ́ tèmi já. Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣe òmíì.