Ọkọ̀ ń gbóná tó bá dúró, ó ń tutù tó bá ń sáré: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò fúnra mi?

Ìyá Tòmíwá, Ìgbógbó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀. Corolla tòkúnbọ̀ ọdún 2006 ni mò ń wà. Àràárọ̀ ni mo máa ń ti Ìgbógbó lọ sí Kétu. Tí mo bá já sí títì ní Agric, tí ọ̀nà sì là títí dé Májídùn, ọwọ́ gééjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn kì í kúrò láàárín. Àfi tí a bá dé Mile 12, tí ọkọ̀ ò lọ tí kò bọ̀, ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, AC náà á sì máa fẹ́ ooru sí mi lójú. Bí ọ̀nà bá tún ṣí báyìí, gééjì á wálẹ̀, AC á tutù padà.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣe é ti yọ thermostat (ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó) dànù nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni iná check engine ti ń tàn, epo tí mò ń rà sì ti pọ̀ sí i. Ní báyìí ó ní top gasket (ohun tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) ló jó, kí n lọ wá owó ńlá wá. Omi ò jò sílẹ̀, èéfín funfun ò sì jáde. Mi ò fẹ́ máa sanwó ohun tí mi ò rí mọ́. Omi wáípà nìkan ni mo mọ̀ ọ́n bù nídìí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Ìbejì, Ìmọ̀tà:

Màmá Tòmíwá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ tún ohun tí ẹ kọ kà, ìdáhùn wà níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń gba inú rédíétọ̀ kọjá, tó ń mú omi inú rẹ̀ tutù. Bó bá dúró, kò sí atẹ́gùn mọ́ àyàfi èyí tí fáànù bá fà. AC náà ní rédíétọ̀ tirẹ̀, condenser ni wọ́n ń pè é. Iwájú ti ẹ́ńjìnnì ló wà, àwọn fáànù kan náà ló sì ń fẹ́ àwọn méjèèjì. Nǹkan méjì tó jọ ń bàjẹ́, tó jọ ń sàn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti pàdé. Top gasket tó jó kì í ba AC jẹ́.

Ẹ jẹ́ kó di àárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù pátápátá. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ sítáàtì rẹ̀, kí ẹ tan AC sí ibi tó tutù jù. Ẹ wá wo fáànù méjèèjì. Kò yẹ kó pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ẹ má ro ìborùn sọ́rùn, ẹ má sì ti ọwọ́ bọ ibẹ̀, fáànù yẹn lè dédé yí nígbàkigbà.

Èyí tí kò bá yí, ẹ pa ọkọ̀, ẹ ṣí àpótí fíúsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Ara ọmọrí rẹ̀ lẹ ó ti rí èyí tó jẹ́ ti fáànù. Ẹ kọ́kọ́ yọ fíúsì wò bóyá ó ti já. Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára rílé fáànù (ohun kékeré tó ń tan iná fún fáànù, tó sì ń pa á), ẹ wá òmíràn tó ní nọ́ńbà kan náà nínú àpótí yẹn, kí ẹ fi ọ̀kan sípò èkejì. Bí fáànù bá yí, rílé ló kú, owó kékeré sì ni. Bí kò bá yí, ẹ yọ ẹnu wáyà fáànù, kí ẹ fi wáyà méjì, tí fíúsì wà lórí ọ̀kan, gbé iná bátìrì fún mọ́tò rẹ̀ tààrà fúngbà díẹ̀. Tó bá yí, mọ́tò dára, ọ̀nà tí iná ń gbà dé ibẹ̀ ló kù tí a máa wò. Tí kò bá yí, ibẹ̀ gan-an ni àìsàn rẹ̀ wà.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ra mítà tó ń ka iná. Bátìrì tó kún máa ń fi bíi fólítì 12.6 hàn tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa. Tó bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5.

Ọmọ Èbúté:

Ẹ̀gbọ́n, kí ni gbogbo wàhálà yìí? Kí wọ́n kàn bá wọn so fáànù náà dáíréètì mọ́ iná kọ́kọ́rọ́. Bí tèmi ṣe wà nìyẹn, kì í gbóná.

Bàbá Ìbejì, Ìmọ̀tà:

Àbúrò, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Fáànù tí ẹ so dáíréètì kì í sinmi, mọ́tò rẹ̀ á tètè jẹ. Wáyà tín-ínrín tí wọ́n sì máa ń fi ṣe é láìsí rílé, láìsí fíúsì, ó lè gbóná títí táá fi gbiná. Ohun tó dùn mí jù ni pé, tí mọ́tò yẹn bá ti kú tẹ́lẹ̀, dáíréètì ò ní jí i. Àwọn ọkọ̀ wa kún fún ohun tí wọ́n yọ àti ohun tí wọ́n so, tí ẹnì kankan ò sì wádìí ohun tó fà á. Bí wọ́n ṣe yọ thermostat Màmá Tòmíwá nìyẹn, ìṣòro wọn ò sì kúrò níbi tó wà.

Réwáyà Sábó:

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ti iná check engine yẹn, ẹ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú awakọ̀, ẹ máa rí ihò kan tó ní ojú 16. OBD2 ni, ibi tí wọ́n ti ń ka àìsàn ọkọ̀. Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní in. Ẹ lè ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀. Kóòdù P0128 ni mo fura pé ẹ máa rí: ẹ́ńjìnnì ò tètè gbóná tó bó ṣe yẹ. Láìsí thermostat, omi á máa yí ká ṣáá, brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) á rò pé ẹ́ńjìnnì ò tíì yá, á máa da epo kún un. Ibi tí epo yín ń lọ nìyẹn. Ẹ fi tuntun síbẹ̀.

Ẹ fi sọ́kàn pé ohun tí ọkọ̀ rí ni kóòdù ń sọ. Kò ní kẹ́ ẹ lọ ra nǹkan báyìí.

Ìyá Tòmíwá, Ìgbógbó:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ṣe é láàárọ̀ yìí. Fáànù kan yí, ìkejì ò mira. Mo pààrọ̀ rílé, kò yí. Ọmọ mi bá mi di wáyà mú, a gbé iná tààrà fún un, kò yí náà. Inú mi dùn débi pé mo pariwo! Ladipo, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, ni mo ń lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé kò sí top gasket nínú ọ̀rọ̀ yìí mọ́? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ fáànù tòkúnbọ̀ tó dára?

Bàbá Ìbejì, Ìmọ̀tà:

Ẹ kú oríire, Màmá Tòmíwá! Ti top gasket, ọkọ̀ tó ti ń gbóná léraléra lè ti ṣe é léṣe, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù nìkan ni kẹ́ ẹ ṣí ọmọrí rédíétọ̀ o. Bó bá gbóná, omi inú rẹ̀ á fò jáde, á sì bó èèyàn. Ẹ sítáàtì rẹ̀, ẹ wo omi náà: bó bá ń hó kùṣùkùṣù láìdúró, ẹ fura. Ẹ yọ igi òdiwọ̀n ọ́ìlì: tó bá ti funfun bí ògì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ ò bá rí ìkankan, ẹ béèrè ẹni tó ní oògùn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń gbé sẹ́nu rédíétọ̀. Tí èéfín ẹ́ńjìnnì bá ń wọ inú omi, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà sí ìyeyè. Ìgbà yẹn lẹ ó tó gbà pé gasket ni.

Títí dìgbà tẹ́ ẹ máa fi tún un ṣe, bí gééjì bá ń gòkè ní Mile 12, ẹ pa AC, ẹ tan híta sí ibi tó gbóná jù. Ooru rẹ̀ kò dára o, ṣùgbọ́n ó ń gba ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Bó bá ṣì ń gòkè, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ pa á.

Ní Ladipo, ẹ gbé ti tẹ́lẹ̀ dání. Ẹ ka iye ewé (blade) fáànù, kí ẹ wo ẹnu wáyà àti ihò bóòtù, kí wọ́n dọ́gba. Ẹ fi ọwọ́ yí i, kò gbọdọ̀ le, kò sì gbọdọ̀ máa mì. Ẹ ní kí wọ́n gbé iná bátìrì fún un lójú yín, kó yí fúngbà díẹ̀ kẹ́ ẹ fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ wo apá ibi tí atẹ́gùn ń lọ: ẹ́ńjìnnì ló yẹ kó máa fẹ́ ẹ sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó sanwó, kí ẹ sì gba rìsíìtì.