Mo fẹ́ to ojú irin Èkó sí Ìbàdàn sínú símúlétọ̀, ti àtijọ́ àti tòde òní: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Èédú1901

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wa rélùwéè lórí kọ̀ǹpútà, mo ti wa ti Jámánì, mo ti wa ti Ìlú Ọba, mo ti kó ẹrù gba orí òkè Amẹ́ríkà títí mo fi mọ kọ́nà ìlú tí mi ò dé rí bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀, àmọ́ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1901, mi ò ì rí i kí n wà á. Ni mo bá ní kí n kúkú to tèmi fúnra mi. Open Rails ni mò ń lò, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ka gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe fún Microsoft Train Simulator ti 2001, mo sì ti ń mọ̀ ọ́n lò díẹ̀díẹ̀.

Ibi tó ti dojú rú fún mi ni pé mo fẹ́ kí ti àtijọ́ àti tuntun wà pọ̀. Ti àtijọ́ gbéra ní Ìddó, ó parí sí Dùgbẹ̀, bíi kìlómítà 193. Tuntun tí wọ́n ṣí ní June 2021 gbéra ní Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́ta, ó parí sí Mọ́níyà, kìlómítà 157. Ẹ wò ó dáadáa o, téèyàn bá ń ti Èkó bọ̀, Mọ́níyà ṣì wà níwájú Dùgbẹ̀, síbẹ̀ tuntun ló kúrú. Ti àtijọ́ ń yí po ni, ó ń yẹ òkè bí ẹni ń yẹ olówó èlé, ìgbà tí tuntun dé ó kàn la òkè kọjá. Ṣé inú ayé kan náà ni kí n to méjèèjì sí àbí kí n yà wọ́n?

Ìkejì rèé. Mo dáńlóòdù ilẹ̀ SRTM, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó, mo jẹ́ kí irin máa tẹ̀lé ilẹ̀ títí dé Abẹ́òkúta, mo wá gbé ẹ́ńjìnnì lé e lálẹ́ ọjọ́ Sátidé pé kí n dán an wò. A kúrò ní Ìfọ̀ wẹ́rẹ́. A dé ẹ̀bá odò Ògùn ní Láfẹnwá, mò ń wọ̀nà fún afárá, ni irin bá kàn dorí kọ ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì wọ omi, wágúnù ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, mò ń tẹ bíréèkì bíréèkì ò gbọ́. Ìyàwó mi tó dúró lẹ́yìn mi béèrè pé ṣé bí wọ́n ṣe máa ń wà á nìyẹn. Mi ò ì tíì dá a lóhùn.

TókìnLọ́wọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu odò o 😂 Ẹ má dààmú, kò sẹ́ni tí kò tíì wa rélùwéè wọ omi nínú wa.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. SRTM yẹn, ọkọ̀ òfuurufú tí Amẹ́ríkà rán lọ sókè ní February 2000 ló fi rédà wọn ilẹ̀ ayé, nọ́ńbà kan ló sì ń fúnni ní mítà ọgbọ̀n-ọgbọ̀n. Òkìtì tí wọ́n kó irin lé, ẹ̀yin náà mọ̀ pé orí ẹ̀ ò fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá, ó ti bọ́ sáàárín nọ́ńbà méjì, kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Afárá náà bọ́ sáàárín bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún wá burú ni pé rédà yìí kì í wo ilẹ̀ gan-an, ohun tó bá kọ́kọ́ kàn ló ń mú, ì báà ṣe òrùlé ì báà ṣe orí igi. Ẹ lọ wo Mushin àti Yaba nínú èyí tẹ́ ẹ dáńlóòdù yẹn, ẹ máa rí i tí ilẹ̀ rí gbágungbàgun, òrùlé ilé oníle ló ń kà bí òkè.

Torí náà ẹ má jẹ́ kí irin tẹ̀lé ilẹ̀ láéláé, ilẹ̀ ló yẹ kó tẹ̀lé irin. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi: màá kọ́kọ́ fún téṣàn kọ̀ọ̀kan ní gíga tiẹ̀, kí gbogbo téṣàn tẹ́ pẹrẹsẹ, màá wá so téṣàn sí téṣàn pẹ̀lú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó rọra ń lọ, tí ojú bá ti gbà á, màá wá fa ilẹ̀ sókè tàbí kí n gbẹ́ ẹ sísàlẹ̀ kó bá irin mu. Tó bá di odò, ẹ mú gíga bèbè méjèèjì, ẹ fa irin tààrà láti ibí sí ọ̀hún, ẹ gbé afárá sábẹ́ ẹ̀, ẹ fi ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò sílẹ̀ bó ṣe wà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó ń pẹ́, ẹ̀yìn sì máa ń ro mí, àmọ́ ọ̀nà míì ò sí.

Tó bá jẹ́ ti fífẹ̀ irin, ti àtijọ́ jẹ́ 1067 mílímítà, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀, tuntun jẹ́ 1435. Irin tó bá símúlétọ̀ wá látilẹ̀ 1435 ni. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lé e, á rìn o, torí àárín irin ni kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, kò kàn án bóyá táyà kan irin àbí kò kàn án, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ ọn ẹ máa rí i tí gbogbo táyà wà láàárín irin méjèèjì tí kò fara kan ìkankan. Ojú á tì yín. Ẹ wá irin 1067, kẹ́ ẹ sì fi sílípà onírin (ìyẹn àwọn ọ̀pá tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin níbùú) sí ti àtijọ́, sílípà kọnkéré sí tuntun. Sílípà lojú èèyàn fi ń mọ àsìkò kó tó mọ nǹkan míì.

Mítà1435

Èmi ò fara mọ́ gbígbé méjèèjì pọ̀ o. Ẹ dákun, ṣé ẹ mọ iye iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni? Ẹ to tuntun nìkan. Ó tọ́ tààrà, ojú irin méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, gbogbo ẹ̀ hàn lórí máàpù sátẹ́láìtì látòkèdélẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tò ó tán, ẹ ti rí Red Line, rélùwéè tó ń kó èrò láàárín Èkó, gbà lọ́fẹ̀ẹ́, torí orí irin kan náà ló ń sáré láti Oyingbo gba Yaba, Mushin, Oshodi, Ikeja, Agége, Ìjú, dé Agbádó, téṣàn mẹ́jọ, kìlómítà 27, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní October 2024. Ìyẹn nìkan tó ẹni wà fún oṣù kan gbáko láìsú èèyàn: ọkọ̀ Ìbàdàn fẹ́ sáré, ọkọ̀ Red Line fẹ́ máa dúró káàkiri, ìwọ tó ń darí sígínà lo máa pinnu ẹni tó máa dúró de ẹnì kejì.

Blue Line, rélùwéè ìlú Èkó kejì, ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ná. Oníná ni, irin kẹta ló ti ń jẹná, láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, kò sì pàdé àwọn tó kù níbì kankan. Ayé tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò sí ni ibi tí ọkọ̀ títì ti ń kọjá ojú irin. Lóde òní wọ́n ti kọ́ bíríjì gba orí irin ní Yaba, ní Mushin, ní Oyingbo, ní Ikeja. Nígbà yẹn ńkọ́, géètì ni, ẹni tó ń ṣọ́ géètì, dánfó tó ń fun fèrè, èèyàn tó ń gba abẹ́ ọ̀pá kọjá. Ilẹ̀ kan náà, àwòrán méjì tí kò lè wà lójú kan. Tẹ́ ẹ bá gbé méjèèjì sínú ayé kan, èwo lẹ máa yà síbẹ̀?

Àgbà_Sígínà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín o. Ọmọ mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan síbí, ẹ bá mi fara dà á tí mo bá ṣe àṣìṣe. Inú rélùwéè ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà n ò mọ kọ̀ǹpútà yín, irin ni mo mọ̀.

Ìwọ Mítà, o sọ̀rọ̀ dáadáa nípa géètì, ṣùgbọ́n o ṣìnà níbì kan. Kì í ṣe pé àtijọ́ wá, ó lọ, tuntun dé. Irin kékeré yẹn ò kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ńlá dé, àwọn méjèèjì jọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi tó pọ̀. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ to tòde òní láìto irin àtijọ́ sí i, irọ́ ló tò yẹn.

Èyí tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò tíì dárúkọ ni tókìn, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fún dẹ́rẹ́bà bí àmì àṣẹ pé ọ̀nà jẹ́ tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan fi ṣe orúkọ o! Lórí irin kan ṣoṣo, dẹ́rẹ́bà kì í kúrò ní téṣàn láìjẹ́ pé tókìn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Màsítà téṣàn tibí á fi bẹ́ẹ̀lì bá tọ̀hún sọ̀rọ̀, tọ̀hún á gbà, kí ẹ̀rọ tó lè tú tókìn kan sílẹ̀, tí ìkan bá sì ti jáde, òmíràn ò lè jáde mọ́ lápá méjèèjì títí èyí á fi dé ilé. Ọkọ̀ tí kò ní dúró, á dín eré kù, ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí ẹ́ńjìnnì á yọ apá síta, á ju èyí tó mú bọ̀ sílẹ̀, á sì fi apá kan náà gba tuntun tí wọ́n fi sí inú òrùka ńlá. Tó bá ta apá rẹ, o ò ní gbàgbé láyé. Tí símúlétọ̀ yín bá lè ṣe ìyẹn, ẹ pè mí kí n wá wò ó.

Ẹ́ńjìnnì tí màá bá yín yàn ni River, àwọn eléèédú 2-8-2, ìyẹn táyà kékeré méjì níwájú, ńlá mẹ́jọ láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn. Orúkọ odò ni wọ́n fún wọn.

TókìnLọ́wọ́

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, orúkọ mi ti wá wú mi lórí báyìí.

Ẹ̀gbọ́n Èédú, ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá sọ nípa River o, torí ó lè dín iṣẹ́ yín kù. Kíláàsì 29 tí East African Railways lò lọ́hùn-ún, àwọn tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀yà sọ, ara River tiwa ni wọ́n ti mú àwòrán ẹ̀. Ọ̀kan ṣì wà ní mùsíọ́mù rélùwéè Nairobi, téèyàn á fi rí fọ́tò ẹ̀ lápá gbogbo, kódà abẹ́ ẹ̀. Irin tiwọn jẹ́ 1000, tiwa 1067, ẹ kàn tún táyà yà díẹ̀. Àmọ́ ẹ má kùn ún ní àwọ̀ tiwọn o!

Ti ibùdó Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́ta, ẹ lọ wo Jaekel House tí wọ́n kọ́ ní 1898, mùsíọ́mù rélùwéè ló wà níbẹ̀ báyìí. Tẹ́ ẹ bá ya ilé yẹn dáadáa, ẹ lè lò ó nínú àsìkò méjèèjì láìyí nǹkan kan padà, àfi igi tó yí i ká.

Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ṣe é lójú tèmi, tí mo bá pa ọ̀rọ̀ Mítà àti ti Bàbá pọ̀: ẹ to ilẹ̀ àti odò lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú irin 1067, ẹ tọ́jú ẹ̀. Ẹ wá da fódà yẹn kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan lẹ máa gbé géètì àti ọjà sí, ìkejì lẹ máa gbé irin ńlá, bíríjì àti téṣàn tuntun sí. Kẹ́ ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó dé Dùgbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́ta dé Agége péré. Táìlì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ègé ilẹ̀ tí wọ́n fi ń to ayé, nínú Open Rails jẹ́ mítà 2048 níbùú lóròó, ọ̀nà yẹn ò gba ju bíi mẹ́wàá lọ.

Èédú1901

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀.

Mo ti pa Abẹ́òkúta tì. Mo tún ilẹ̀ Mushin ṣe lánàá, odidi òkè mẹ́ta ni mo yọ kúrò, òrùlé ni gbogbo ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ ò rí i, mo ti ń rò pé bóyá òkè wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wó.

Ó wá kù kí n béèrè ohun kan tí ò jẹ́ kí n sùn. Tíráàmù tó ń ti Ìddó gba orí Carter Bridge wọ Ìsàlẹ̀ Èkó láti 1902 dé 1933, irin ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀. Ṣé kí n fi kún un?

Mítà1435

ẸGBỌ́N RÁRÁÁÁÁ

Àgbà_Sígínà

Fi kún un, ọmọ mi.

Èédú1901

😂😂 Ẹ jẹ́ n parí Agége ná.

Mo wa ẹ́ńjìnnì kan kọjá Yaba ní ìdájí òní. Kò wọ omi, kò dorí kodò, fàkàfìkì fàkàfìkì ló ń lọ, géètì sì ti sé kó tó dé. Nígbà tí mo sún kámẹ́rà mọ́ abẹ́ ẹ̀ ni mo rí i pé táyà ò kan irin, gbogbo ọkọ̀ náà léfòó lókè irin bí ìbú ìka kan. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀?