Ọjọ́ kan ní Jambiani: àkókò omi ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀

Ẹni tó jẹ́ òkun Èkó nìkan ló mọ̀ ni Jambiani, abúlé etíkun kan ní Zanzibar ní orílẹ̀-èdè Tanzania, máa ń dà láàmú jù. Ní Èkó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà kò ju nǹkan bíi mítà 1 lọ. Ní ìlà oòrùn Unguja, erékùṣù ńlá tí gbogbo ayé ń pè ní Zanzibar, ó lè tó mítà 4 nígbà òṣùpá àrànmọ́jú. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà bí omi bá fà, ó lè lọ tó kìlómítà kan, títí dé ìdí àpáta iyùn tí ìgbì ti ń fọ́. Àlejò tó bá jáde láago mẹ́wàá àárọ̀ láti lúwẹ̀ẹ́ á bá iyanrìn lásán, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Inú wọn máa ń bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ibẹ̀ dùn ún wò jù.

Lójúmọ́, omi ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì. Lójoojúmọ́, ó ń pẹ́ ju ti àná lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú, omi máa ń fà tán láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá àárọ̀, á sì kún dáadáa ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí, ó di òdìkejì: àárọ̀ ló ń kún, ìrọ̀lẹ́ ló ń fà, kì í sì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo òṣùpá kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ẹni tó fẹ́ rìn lórí ilẹ̀ òkun, kó lọ nígbà àrànmọ́jú. Ẹni tó jẹ́ lílúwẹ̀ẹ́ nìkan ló bá wá, kó lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, tàbí kó wọ̀ sí Nungwi tàbí Kendwa ní àríwá, níbi tí omi kì í ti í fà jìnnà.

Ohun kan wà tó ń ba ètò jẹ́ púpọ̀. Àwọn Swahili ń ka wákàtí bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́fà òwúrọ̀. Aago méje ni wọ́n ń pè ní saa moja, ìyẹn wákàtí kìíní. Bí ọlọ́kọ̀ bá ní òun ń bọ̀ ní saa nne, aago mẹ́wàá ló ń wí, kì í ṣe aago mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ tọ́ka sí i lójú aago yín.

Kó ku wákàtí kan àbọ̀ kí omi fà tán ni kí ẹ jáde, kí ẹ máa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Bàtà tó ní ìsàlẹ̀ nípọn tó sì ṣeé so ni kí ẹ wọ̀. Sílípáàsì kò dáa, ẹrẹ̀ á fà á bọ́. Ẹran òkun kékeré kan wà níbẹ̀, róbótó, dúdú, tí ẹ̀gún gígùn bo gbogbo ara rẹ̀. Ẹ̀gún yẹn máa ń kán sínú ẹsẹ̀ ni, bí ẹ bá sì fipá fún un, á fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, kí ìrora rọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹ̀mú yọ èyí tó bá yọrí. Èyí tó bá wọlé sí oríkèé, ilé ìwòsàn ni. Ẹ wọ ẹ̀wù alápá gígùn pẹ̀lú, nítorí pé títẹríba wo inú adágún kéékèèké ló ń jẹ́ kí oòrùn jó ẹ̀yìn èèyàn. Awọ dúdú náà ń jó.

Láàárín etíkun àti àpáta iyùn ni oko àwọn obìnrin wà. Koríko òkun tí wọ́n ń pè ní mwani ni wọ́n ń gbìn. Wọ́n á kan èèkàn igi mọ́ iyanrìn ní ìlà méjì, wọ́n á ta okùn láàárín wọn, wọ́n á wá fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ìdì kéékèèké mọ́ ọn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó kó o. Oríṣi kan wà tó nípọn, tí owó rẹ̀ sì pọ̀ jù, ṣùgbọ́n omi tó ń gbóná sí i ti ń jẹ́ kó máa jẹrà, ìyẹn ló jẹ́ kó jẹ́ pé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ máa rí jù. Àárín ìlà ni kí ẹ gbà, ẹ má tẹ okùn. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò, bí ẹnì kan bá sì fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín, ẹ fún un lówó.

Bí omi bá ti fà tán, ẹ kọjú sílé. Ìpadàbọ̀ rẹ̀ kì í dọ́gba: ní wákàtí kìíní ó ń rọra, àmọ́ ní wákàtí kẹta àti ìkẹrin, nínú mítà 4 yẹn, nǹkan bíi mítà 2 ló ń wọlé. Kòtò tó wà lápá etíkun ló sì máa ń kọ́kọ́ kún. Ẹ lè dúró lórí iyanrìn gbígbẹ kí omi ti dí ọ̀nà yín lẹ́yìn.

Ọ̀sán yẹn dára fún igbó Jozani. Dàládàlá 309, ọkọ̀ akérò kékeré tó ń ná ìlú Zanzibar sí Jambiani, ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹdun pupa ló wà níbẹ̀, ẹbí ẹdun tí a fi ń kì ìbejì nílé wa, kò sì sí irú rẹ̀ níbòmíràn láyé ju Zanzibar lọ. Ẹ jìnnà sí i ní mítà 3, ẹ má fún un lóúnjẹ. Bí ẹ bá ṣe sùúrù, ẹ lè rí èyí tó ń ha èédú jẹ láti inú èyí tí àwọn aráálé dáná kù: ewé máńgòrò tó ń jẹ ní májèlé nínú, èédú ló sì ń fà á.

Ní ti ìwé, yàtọ̀ sí páàsìpọ́ọ̀tù àti físà, ẹ mú èyí dání: káàdì yẹ́lò, àti ìbánigbófò dọ́là 44 tí ìjọba Zanzibar sọ di dandan láti oṣù kẹwàá 2024. Ẹ má di náílọ́ọ̀nù wọ̀lú, Tanzania ti fòfin dè é. Nínú ìlú, ẹ bo èjìká àti orúnkún. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ jẹun ní The Rock ní Michamvi, ilé oúnjẹ orí àpáta inú òkun, ẹ béèrè àkókò omi kí ẹ tó gba àyè. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn lọ lọ́sàn-án, kó jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé yín padà. Ẹ fi fóònù sínú àpò tí omi kì í wọ̀.