Ìdì jẹjẹrẹ kẹ̀? Ta ló di ẹrù náà?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin tèmi.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ẹ jù mí lọ, àmọ́ "ìdìjẹjẹrẹ" tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lánàá, pé ká máa fi pe ìtọ́jú tí wọ́n fi ń mú kókó jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró dì nígbà tó ṣì kéré, kò wọ̀ mí létí rárá. Ìdì! N'Ísànlú wa ní Kogi, tí ìyá àgbà bá ti oko dé, ìdì igi ló ń sọ̀ kalẹ̀. Tó bá gbọ́ ìdìjẹjẹrẹ, á ní ta ló di jẹjẹrẹ lẹ́rù wálé.

Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀, dì yẹn gan-an ni mò ń bá jà. Tí ọyẹ́ bá dé, òrí á dì, á le koko, ìyá àgbà á gbé e sẹ́bàá iná, á yọ́, òrí náà ṣì ni. Dì ò pa á. Ṣé bí ìtọ́jú yìí ṣe rí nìyẹn? Abẹ́rẹ́ gígùn ni wọ́n ń kì bọ àyà èèyàn, wọ́n á máa fi síkáànì wo ibi tó ń lọ títí á fi wọnú kókó, gáàsì argon á wá mú ẹnu abẹ́rẹ́ tutù débi pé kókó yẹn á di yìnyín, ó lè tutù kọjá 40 nísàlẹ̀ òdo. Wọ́n á jẹ́ kó yọ́, wọ́n á tún mú un dì. Yíyọ́ yẹn náà ń pa á, torí omi á ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á bẹ́. Ẹ mú dì, ẹ gbàgbé yọ́, ẹ wá gbàgbé pa tó jẹ́ iṣẹ́ gan-an!

Èmi ní ìfòtútùpakókó. Ó gùn, mo mọ̀. Kókó ni mo wí torí inú kókó labẹ́rẹ́ wọ̀, àwọn tára wọn ò gba iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe é fún.

Ẹ tún ní nǹkan tuntun ni kí wọ́n máa fi òtútù tọ́jú jẹjẹrẹ. Ní nǹkan bí 1850, dókítà James Arnott ti ń po iyọ̀ mọ́ yìnyín, ó ń fi sí kókó jẹjẹrẹ tó wà lọ́mú àwọn obìnrin ní England.

Ẹni tó kọ̀wé pé ká máa pe jẹjẹrẹ ní akàn, akàn tá à ń mú lódò àbí òmíì? Ẹni tó sì ní ará Kogi ò lè kọ́ òun ní Yorùbá, ẹ bá mi bi í bóyá ó mọ orí yàtọ̀ sí òrí, torí nínú lẹ́tà ẹ̀, orí ló ní ìyá òun fi ń para.