Ajá àgbàtọ́ kan wà lọ́wọ́ mi ní Lugbe: ta ni kí n fà á lé lọ́wọ́?

ÌyáTélọ̀_Lugbe

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àbújá àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun lókè ọya. Ọ̀rọ̀ ajá ló gbé mi dé, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Abo ajá ìbílẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ mi. Ó pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ kan dúró ṣánṣán, ìkejì wó sílẹ̀. Mọ́tò ló gbá a lẹ́bàá Airport Road. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n máa ń ṣa irú ajá bẹ́ẹ̀ lójú títì ló gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n wá bẹ̀ mí pé kí n bá wọn gbà á tọ́ títí wọ́n á fi rí ẹni tó máa mú un pátápátá. Ẹsẹ̀ ti jinná, àmọ́ ó ṣì máa ń tiro díẹ̀ láàárọ̀ tí òtútù bá mú. Dókítà fojú bù ú pé á tó ọmọ ọdún méjì.

Tanímọ̀la ni mo sọ ọ́. Ọkọ mi ní orúkọ yẹn gùn jù fún ajá, Bingo lòun ń pè é. Abo ajá! Kò tíì dá a lóhùn rí.

Abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló ń sùn, lórí àjákù ańkárá tí mo bá gé sílẹ̀. Tí mo bá ti ń tẹ ẹ̀rọ, á gbé àgbọ̀n lé pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ojú á pa dé, gbogbo orí á máa gbọ̀n pẹ̀lú ẹ̀rọ, ètè ìsàlẹ̀ á máa mì jẹ̀lẹ́jẹ̀lẹ́. Tí mo bá dúró láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́, á la ojú kan wò mí, bí ẹni pé mo jí i lójú oorun. Oníbàárà wọlé, ìrù nìkan ló ń jù. Àmọ́ tílẹ̀ bá ṣú, tí ẹsẹ̀ àjèjì bá kan ẹnu géètì, ẹ ò ní gbà pé ajá kan náà ni. Ó ń jẹ ẹ̀bà, ó ń jẹ túwó, ó ń jẹ ìrẹsì. Ẹ̀wà ni kò fẹ́ rí sójú. Ọkùnrin tó bá mú igi dání, kò ní sún mọ́ ọn láé, n ò mọ ohun tí wọ́n ti fi ojú rẹ̀ rí.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé lánlọ́ọ̀dù ní oṣù Kọkànlá yìí ò gbọ́dọ̀ parí bá ajá nínú kọ́ḿpáǹdì òun. Ayálégbé tuntun kan lóyún, ẹ̀rù ajá sì ń bà á. N ò bá wọn jà, ilé onílé ni.

Mo gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni. Fóònù mi ò sinmi mọ́. Ọ̀kan pè láti Mararaba, ó ní òun fẹ́ kó máa ṣọ́ oko òun. Mo ní ó dáa. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ni, "Màdáàmù, ṣé ó sanra? Á tó kílò mélòó?" Mo ní ṣé olè máa ń béèrè kílò ajá kó tó sá ni? Ó gé fóònù. Ọmọkùnrin kan ní Nyanya kò béèrè ìwà, kò béèrè àìsàn. Ó ní òun ní akọ Alsatian tí òun fẹ́ kó gùn ún, pé a ó jọ pín ọmọ. Ìyá kan ní Gwarinpa, ohùn rẹ̀ tutù, ó sọ̀rọ̀ bí èèyàn gidi, àfìgbà tó ní kí n fà á fún onítákísí kó gbé e wá, òun á sanwó tó bá dé.

Báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tó fẹ́ ajá fún ajá? Ṣé kí n bu owó lé e ni, àbí owó á lé ẹni rere sá? Tí mo bá ní kí n wá wo ilé ẹni tó fẹ́ mú un, ṣé wọn ò ní kà á sí àfojúdi? Àwọn ọ̀dọ́ tó gbé e wá ní ẹni tí mo bá fọwọ́ sí làwọn náà fọwọ́ sí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí n tú u sígboro kó máa lọ, kó jọ̀ọ́ fọwọ́ bo ẹnu.

Akin_Kubwa

Màámi, ẹ kú làálàá o. Ká sòótọ́, ká ní Lhasa, ajá òyìnbó kékeré onírun yẹn, ni, ẹ̀yin àti lánlọ́ọ̀dù ni ẹ máa máa du ú. Ekuke, ajá ìbílẹ̀ lásán-làsàn, tó tún ń tiro? Tó bá jẹ́ Caucasian, ajá òyìnbó ńlá yẹn, lónìí yìí ni mo máa wá mú un.

DókítàẸran_Gwags

Akin, Caucasian yẹn, orí òkè olótùútù ni wọ́n ti wá. Tí oṣù Kẹta bá dé, ẹ ó gbé wọn wá síwájú wa, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹ̀mí ṣe fẹ́ bọ́. Ekuke tó o fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, abẹ́ igi ló máa lọ sùn sí ní tiẹ̀.

Màámi, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìlera, torí ibẹ̀ lẹ ti lè já irọ́ tó pọ̀. Kí káàdì àjẹsára rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ló ṣáájú: ajá tó bá ti pé oṣù mẹ́ta ti lè gbà á, a sì máa ń tún un gbà lọ́dọọdún. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran tó wà ní Vom lẹ́bàá Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe é nílẹ̀ wa níbí. Ẹni tó bá máa mú un, ẹ sọ fún un kó máa ṣọ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n fi ń sàmì àrùn yìí lágbàáyé, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti máa ń gún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà yẹn. Nǹkan bí 59,000 èèyàn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní dìgbòlugi ń pa lọ́dún kan, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó ń pa ajá tà pàápàá ò yọ, itọ́ rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ kàn léwu. Ẹni tó ń béèrè kílò kì í béèrè káàdì, ẹ máa wò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ọ̀pọ̀ abo ajá máa ń wọ àsìkò tí akọ á fi máa wọ́ tẹ̀lé wọn kiri àdúgbò, oyún wọn ò sì ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ojú abẹ máa fi jinná, kẹ́ ẹ má ṣáà jẹ́ kó máa lá a. Ọmọ Nyanya yẹn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti sọ fún un pé wọ́n ti yọ ilé ọmọ, ẹ ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ẹ tún máa tú àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ àti inú etí rẹ̀ wò fún eégbọn. Mo bẹ̀ yín, kẹ́nikẹ́ni má fi otapiapia wẹ̀ ẹ́ fún yín. Mo ti rí ajá tó kú sí wa lọ́wọ́ nítorí ìyẹn, olówó rẹ̀ dúró níbẹ̀, igò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

ỌmọỌ̀fà_Jos

Dókítà ti sọ tiẹ̀, ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń gbé Jos sọ èyí tójú mi ń rí.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹran ajá kì í ṣe nǹkan àṣírí, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní ìta gbangba. N ò bú wọn. Àwa náà ní ajá Ògún nílé, kí a má ṣe ojú ayé. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ jẹ ajá, kó lọ fowó rẹ̀ rà á lọ́jà, kó má wá parọ́ oko fún ìyá aránṣọ ní Lugbe.

Ẹ yọ "ọ̀fẹ́" yẹn kúrò lónìí. Ẹ bu owó lé e, kó ju iye tí wọ́n á ra ajá lọ́jà ẹran lọ. Ẹ sọ pé owó abẹ́rẹ́ àti ti iṣẹ́ abẹ ni, kẹ́ ẹ fi rìsíìtì dókítà hàn wọ́n. Kò ní lé ẹni rere sá. Ẹni tó fẹ́ sin ajá mọ̀ pé oúnjẹ rẹ̀ oṣù kan ṣoṣo á ju owó yẹn lọ.

Ilé wíwò kì í ṣe àfojúdi rárá. Ẹ ò tiẹ̀ ní láti tọrọ àyè. Ẹ kàn sọ pé, "Èmi fúnra mi ni mo máa mú un wá." Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má ṣèyọnu, pé ká pàdé ní Berger, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ilé náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ géètì ju ògiri lọ, ibẹ̀ ni ajá ìbílẹ̀ ń gbà jáde. Ẹ wo ibi tó máa forí pamọ́ sí tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ bi wọ́n pé ajá tí wọ́n sìn kẹ́yìn dà, kẹ́ ẹ wá dákẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹni tí mẹ́ta ti "sọnù" mọ́ lọ́wọ́, tí kò wá èyíkéyìí nínú wọn, kò ní wá ti yín náà.

Ju gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ bá máígádì sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀gá máa ń rò pé àwọn ló ni ajá. Máígádì ló máa fún un lóúnjẹ, òun ló máa bu omi, òun náà ló máa lù ú tínú bá ń bí i. Bí máígádì bá ń bẹ̀rù ajá, orí ṣéènì ni Tanímọ̀la máa gbó sí.

Ẹ sì jẹ́ kó parí kí oṣù Kejìlá tó wọlé. Tí kì í bá ṣe ti ẹran ọdún, ti nọ́kàùtù tí wọ́n ń yìn ni. Ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé àjèjì, tó bá gbọ́ ìró yẹn, ibi tó bá sá dé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí wọ́n má tú u síta láìsí okùn lọ́rùn. Kẹ́ ẹ di díẹ̀ nínú àjákù ańkárá yẹn fún un lọ, láìfọ̀ ọ́ o, òórùn yín ló fẹ́.

Alhaja_Suleja

Ìyá Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má yọ àwa Mùsùlùmí kúrò nínú kíkà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín rò pé kò sílé Mùsùlùmí tó lè gba ajá lókè ọya níbí. A kì í jẹ́ kó wọ yàrá àti ibi tá a ti ń kírun, ìyẹn dájú. Abọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, tó bá sì ki ẹnu bọ tiwa, ẹ̀ẹ̀meje la ó fọ̀ ọ́. Àmọ́ ajá tó ń ṣọ́ oko àti ẹran, àyè wà fún un. Àwọn ọ̀dọ́ inú Súúrà Kahf, ṣebí ajá wọn ló nà gbalaja sẹ́nu ihò.

A ní oko adìyẹ ní ọ̀nà Madalla. Ajá tó wà níbẹ̀ darúgbó kú ni. Olè ti ń yọjú láti ìgbà náà, ẹyin kéréètì kéréètì. Owó tẹ́ ẹ bá dá, mo máa san án. Ṣé ẹ lè mú un wá ká wo ara wa?

ÌyáTélọ̀_Lugbe

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti yọ "ọ̀fẹ́". Ìyá Gwarinpa pe mí padà, mo ní èmi ni mo máa mú un wá. Ó ní òun á tún pè. Kò pè mọ́.

Dókítà, káàdì wà, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi sì wà nínú ẹ̀. Ti ilé ọmọ ni wọn ò tíì ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn ti ní àwọn á gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí.

Alhaja, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n béèrè, ẹ má bínú. Ta ló ń sùn lóko? Ajá yìí ò lè dá wà. Tí mo bá jáde lọ ra òwú, ẹnu ọ̀nà ló máa jókòó sí títí n ó fi dé, kò ní fẹnu kan omi. Tó bá jẹ́ pé adìyẹ nìkan ni ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ dòwúrọ̀, n ò ní lè gbà. Ẹni tó ń tọ́jú oko náà, ṣé ó máa ń mú ọ̀pá dání? Ẹ tún gbọ́ o: ó ti lé adìyẹ aládùúgbò wa rí. Kò pa á, ṣùgbọ́n adìyẹ náà ò gbádùn fún ìgbà díẹ̀, n ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Alhaja_Suleja

Ìbéèrè gidi ni, kò sí ìbínú. Bàbá kan àtìyàwó rẹ̀ ló ń gbé inú oko, Gbagyi ni wọ́n, àwọn ló fọwọ́ ara wọn sin ajá tó kú yẹn. Lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn ló máa ń sùn. Bàbá máa ń mú ọ̀pá tó bá ń rìn lálẹ́, mo máa bá a sọ ọ́. Inú àgò ni adìyẹ wa wà, wáyà ló yí wọn ká, ẹnu ajá ò lè dé ibẹ̀. Tí iṣẹ́ abẹ bá ti jinná, ẹ jẹ́ kó di Sátidé tó bá tẹ̀ lé e.

DókítàẸran_Gwags

Alhaja, ẹ fi okùn mú un kó kọ́kọ́ jìnnà sí àgò, tó bá fẹ́ sáré ẹ pè é padà, tó bá dá yín lóhùn ẹ fún un ní ẹran díẹ̀. Tójú rẹ̀ bá ti kúrò lára adìyẹ, ẹ sún mọ́ ọn sí i. Ẹ má lù ú nítorí adìyẹ.

Akin_Kubwa

Ó dáa, ẹ ti bá mi wí tán. Màámi, kò sí onítákísí tó máa gbé ẹ̀yin àti ajá láti Lugbe dé Madalla, mo mọ̀ torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Tí Sátidé yẹn bá kò, èmi ni mo máa gbé yín. Epo nìkan lẹ máa rà. Ẹ mú nǹkan tá a máa tẹ́ sẹ́yìn mọ́tò wá, kẹ́ ẹ má sì fún un lóúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó má bì sí mi lára síìtì. Aago méje, ká tó kó sínú gosíló Zuba.