Ọmọ mi ń gbọ́ ìpè, àmọ́ kò mọ ibi tí ohùn ti ń wá

Ìyá Àdùkẹ́, Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Àdùkẹ́ mi, etí méjèèjì ni kò gbọ́ràn dáadáa. Láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló ti ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ẹyọ kan, etí ọ̀tún. Bí mo bá pè é láti ilé ìdáná, á dáhùn "Màámi!", àmọ́ ọ̀tún ló máa wò, ì báà jẹ́ òsì ni mo wà. Lánàá, ọ̀kadà kan tẹ họ́ọ̀nù lápá òsì wa, òsì yẹn gan-an lọmọ sá sí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tètè fà á lápá. Àyà mi ṣì ń já. Àbí ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́ ni?

Bàbá Tóbi, Bódìjà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Kò jọ pé ó bàjẹ́. Etí méjèèjì la fi ń mọ ibi tí ohùn ti wá. Ohùn apá òsì á kan etí òsì kó tó kan ti ọ̀tún. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó ìdá kan nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ọpọlọ ń mọ̀ ọ́n. Orí wa náà tún máa ń dínà ohùn, pàápàá ohùn tín-ín-rín, tí kò fi ní í rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní etí kejì. Etí kan ṣoṣo kò ní ohun tó máa fi wé. Ọ̀tún ni ọ̀kadà yẹn dún sí létí Àdùkẹ́, ló ṣe sá sí òsì.

Méjì ni Tóbi ń lò, ó ṣì ń ṣi ẹ̀yìn mú fún iwájú. Òkè etí ni ihò tó ń gba ohùn wà lára ẹ̀rọ tiẹ̀, ohùn kì í gba inú àwọn kọ̀rọ̀ etí kọjá, ibẹ̀ la sì fi ń mọ iwájú yàtọ̀ sẹ́yìn. Alaalẹ́ ni mo máa ń fi rédíò kékeré pamọ́ sábẹ́ tìmùtìmù, á dijú, á nawọ́ síbi tó wà. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i pé bí òun bá rọra yí orí, òun á mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí bátìrì ọ̀tún kú, ó ní, "Dádì, gbogbo rédíò ti kó sí òsì."

Olùkọ́ kan, Ìjokòdó:
Ẹ bi dókítà bóyá etí òsì náà lè jàǹfààní ẹ̀rọ. Ní báyìí, ẹ má kàn pe orúkọ rẹ̀ lásán, ẹ fi kún un pé "mo wà nílé ìdáná". Lójú títì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì í lọ́wọ́ mú, kí ẹ sì kọ́ ọ láti fojú wo ọ̀tún àti òsì kó tó gbẹ́sẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́:
Olúwa á bá yín tọ́ tiyín o. N ó béèrè ọ̀rọ̀ etí òsì yẹn. Mo ti gbé rédíò sábẹ́ tìmùtìmù báyìí, ó ti ń bi mí pé kí ni mo ń wá níbẹ̀.